Ọnárébù, Ìpele Wo Ni Àbádòfin Náà Dé? Bí A Ṣe Ń Ka Ìròyìn Iṣẹ́ Aṣòfin Ìpínlẹ̀

Bí ìròyìn iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ máa ń wá níbẹ̀. Àwòrán kì í wọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: Ọnárébù ń fún opó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, Ọnárébù dọ̀bálẹ̀ fún Kábíyèsí, Ọnárébù wà láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ dání. Ohun tó máa ń ṣọ̀wọ́n ni orúkọ àbádòfin, ọjọ́ tí ilé kà á lẹ́ẹ̀kejì, iye tí wọ́n kọ síwájú ọ̀nà àdúgbò nínú ìsúná, àti iye ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi jókòó sílé ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí a rán an wà. Ọ̀pọ̀ wa ni kò lè dárúkọ òfin kan ṣoṣo tí aṣòfin wa bá wọn dá sí láti ọjọ́ tí a ti dìbò fún un. Mi ò di gbogbo ẹ̀bi yẹn ru aṣòfin. A kì í bi í ni.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dára. Opó tó gbà á mọ oore tó ṣe fún òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀rọ 50 kò lè kárí wọ́ọ̀dù kan, ká má tíì wá sọ ti gbogbo ẹkùn ìdìbò. Òfin kan tó bá dín oríṣiríṣi owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kù, tàbí ìlà kan nínú ìsúná tó gbé tíránsífọ́mà dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, gbogbo télọ̀ tó wà ní ẹkùn náà ni yóò kàn, títí kan èyí tí kò mọ ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 la iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ sílẹ̀ kedere. Abala 100 sọ bí àbádòfin ṣe ń di òfin. Abala 120 sí 123 fi okùn àpò ìpínlẹ̀ lé wọn lọ́wọ́: gómìnà kò gbọ́dọ̀ ná owó tí òfin kò bá fọwọ́ sí. Abala 128 àti 129 fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, láti pe kọmíṣánnà tàbí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba pé kó wá ṣàlàyé, kó sì kó ìwé rẹ̀ dání bọ̀. Òfin, owó, àmójútó: iṣẹ́ mẹ́ta náà nìyẹn. Ìròyìn tí kò bá sọ nǹkan kan lórí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì di ìròyìn iṣẹ́.

Iye àwọn aṣòfin náà yẹ ní mímọ̀. Abala 91 fi i sí àárín 24 sí 40 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Kwara ní 24. Abala 96 wá sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn bá ti wà ní ìkàlẹ̀, ilé lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Níbi tí aṣòfin bá ti jẹ́ 26, ènìyàn mẹ́sàn-án ti tó. Ọ̀pọ̀ ìbò àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì ń borí lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí náà ọwọ́ márùn-ún tó gbé sókè lè ṣòfin tí yóò de gbogbo ìpínlẹ̀. Ìlú tí aṣòfin tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ohùn, bó ti wù kí ìbò tí wọ́n dì pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí wíwá síbi iṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Abala 104 ní ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún. Abala 109 ní aṣòfin tí kò bá yọjú fún iye ọjọ́ tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tí ilé fi jókòó lọ́dún, láìsí ìdí tó múná dóko, yóò pàdánù àga rẹ̀. Bí ilé bá jókòó ọjọ́ 181 géérégé, ọjọ́ 61 ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n òfin yìí ní àlàfo kan: ẹni tó ń darí ìjókòó lè kọ ìwé pé ìdí tí aṣòfin náà kò fi wá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó kọjá sọ́dọ̀ aṣòfin kò le rárá: “Ọnárébù, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà mélòó ni ilé jókòó lọ́dún tó kọjá, ìgbà mélòó lẹ sì wà níbẹ̀?” Akọ̀wé ilé ní ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju nọ́ńbà méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan kún un kí n tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀. Abala 97 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ilé lè fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún un bí wọ́n bá pinnu bẹ́ẹ̀. Ilé aṣòfin Èkó ti ya Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ rí fún ìjókòó ní èdè Yorùbá. Èyí wù mí púpọ̀. Ìyá tó ń ta elùbọ́ lọ́jà mọ ọ̀rọ̀ owó-orí ju ọ̀pọ̀ akọ̀wé lọ, èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Aṣòfin tó bá ń kọ ìròyìn sí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìdajì wọn.

Wàyí o, ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ń pa mọ́, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe o, bóyá wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ àárín àbá àti àbádòfin ni. Ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé: “Mo gbé àbá kalẹ̀ lórí ọ̀nà wa tó bàjẹ́, gbogbo ilé sì fọwọ́ sí i.” Inú ará ìlú a dùn, wọn a máa retí katakata. Oṣù mẹ́fà kọjá, kò sí nǹkan kan, wọ́n ní wọ́n ti tàn wọ́n. Àbá tí ilé fọwọ́ sí kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe owó. Ohun tó jẹ́ ni pé ilé rọ gómìnà tàbí kọmíṣánnà fún iṣẹ́ ìtajà, ọ̀nà tàbí omi pé kó wá nǹkan ṣe. Akọ̀wé ilé yóò fi lẹ́tà ránṣẹ́, kọmíṣánnà sì lè gbé e sínú fáìlì. Kò sí ìjìyà tí òfin là sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá ṣe é. N kò ní kí aṣòfin má gbé àbá kalẹ̀, nítorí ó ń fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ ilé, ó sì lè jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ìlà kan nínú ìsúná ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tòótọ́ yóò sọ ọjọ́ tí lẹ́tà jáde, èsì tó wá, àti ohun tí òun ń ṣe bí èsì kò bá wá.

Àbádòfin ní tirẹ̀ ní ìrìn-àjò tó ní àmì ọ̀nà. Kíkà àkọ́kọ́ kò ju kí akọ̀wé ilé ka àkọlé rẹ̀ lọ. Kò sí àríyànjiyàn, nítorí náà “àbádòfin mi ti kọjá kíkà àkọ́kọ́” kò tíì jẹ́ ìròyìn ńlá. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n ti ń bi ara wọn pé ṣé òfin yìí tilẹ̀ yẹ. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u palẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ sì ni ìgbọ́rọ̀ ìtagbangba ti ń wáyé. Ìgbìmọ̀ á dá àbọ̀ padà, gbogbo ilé á tún gbé e yẹ̀ wò ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ó di kíkà ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú tàbí kó kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìní ìbuwọ́lù rẹ̀.

Ibi tí ará ìlú ti lè yí nǹkan padà nínú gbogbo ìrìn yìí ni ọwọ́ ìgbìmọ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i padà. Ohun tó sì máa ń dà á rú ni àkókò: ìkéde ìgbọ́rọ̀ ìtagbangba a jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú, ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó gbọ́, ó ti parí. Aṣòfin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí Ìyálọ́jà, sí alága ẹgbẹ́ awakọ̀, sí ẹgbẹ́ onílé, lọ́jọ́ tí àbádòfin bá bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ìkéde bá jáde. Ẹni tí kò bá lè lọ lè kọ ìwé àbá. Kó má gùn ju ojú-ewé méjì lọ. Kó dárúkọ ẹsẹ tó fẹ́ kí wọ́n yí padà, kó kọ gbólóhùn tó wà níbẹ̀ báyìí, kó kọ èyí tó fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀, kó sì fi ìdí rẹ̀ sí ìlà mẹ́ta. Ìwé tó kàn ń sọ pé “a ò fẹ́ òfin yìí” kò fún ìgbìmọ̀ ní nǹkan kan láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí.

Ó tún kù ohun kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín aṣòfin àti àwọn tó rán an: ọ̀rọ̀ pé ta ló ni iṣẹ́ náà. Àfikún kẹrin ìwé òfin to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ojúlé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Bí gọ́tà ọjà bá dí, alága káńsù ni ká kọ́kọ́ kọjú sí. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá ṣèlérí pé òun yóò tún un ṣe ń sọ ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Ilé-ìwé girama ìpínlẹ̀, ilé-ìwòsàn ìpínlẹ̀, ọ̀nà tó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú, ìwé ilẹ̀, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà gan-an.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ti yí padà, ọ̀pọ̀ aṣòfin kò sì tíì sọ fún àwọn èèyàn wọn. Tẹ́lẹ̀, bí a bá ké gbàjarè iná, wọn á ní ti Àbújá ni. Láti ọdún 2023 tí wọ́n ti ṣàtúnṣe ìwé òfin, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí pípèsè iná àti pínpín in, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “iná kì í ṣe tiwa” lónìí, ẹ bi í pé òfin iná wo ni ìpínlẹ̀ wa ti ṣe, ta ni wọ́n sì yàn láti máa ṣọ́ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ìpàdé ìtagbangba ni ibi tí gbogbo èyí ti ń pàdé, ó sì máa ń bàjẹ́ lórí nǹkan kéékèèké. Ọjọ́ ni àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ ọjà ìlú bá jẹ́ ọrọọrún, tí wọ́n wá fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà, obìnrin kò ní wá. Ọ̀sán Jímọ̀ kò ṣeé ṣe, òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kò ṣeé ṣe. Ibi ìpàdé ni ìkejì. Ilé olóyè ẹgbẹ́ òṣèlú ń lé àwọn ẹgbẹ́ kejì sá. Ààfin ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìlú wo ni yóò dìde níwájú Kábíyèsí kó máa bi àlejò rẹ̀ ní ìbéèrè líle? Gbọ̀ngàn ilé-ìwé ló dára jù, kí wọ́n sì lọ kí Kábíyèsí láàfin ṣáájú, tó fi jẹ́ pé ààtò ìkíni kò ní jẹ àkókò ìpàdé. Mo ka ìkíni sí apá tó ń pa ìpàdé jù lọ. Bí a bá pè é sí aago mẹ́wàá, tí wọ́n fi wákàtí kan pe àwọn èèyàn sórí tábìlì ọlọ́lá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì sọ ọ̀rọ̀ ìdùnnú, oòrùn ti mú, àwọn ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n ti ń lọ, àwọn tó kù kò ju àwọn tó ń retí oúnjẹ lọ. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ìkíni. Kí Ọnárébù fi 30 sọ ìròyìn rẹ̀, kí wákàtí kan ààbọ̀ tó kù jẹ́ ti àwọn ará ìlú.

Gbohùngbohùn ni ìkẹta. Ẹni tó bá gbá a mú ló ni ìpàdé. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, àwọn tó ń bọ̀ wá yin Ọnárébù ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì, kí ọ̀kan dúró sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kí a pe wọ́ọ̀dù ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì. Kí a tún pín bébà pélébé lẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tí kò fẹ́ dìde, kí ọmọ ilé-ìwé girama méjì sì wà níbẹ̀ tí yóò máa bá àwọn àgbà kọ ọ́. Ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́ jù máa ń wá láti inú bébà wọ̀nyẹn, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò bẹ̀rù ojú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìdáhùn bá ń bọ̀, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ Ọnárébù ló yẹ kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ lásán ti tó, kí a fi ìlà pín ojú-ewé sí mẹ́rin: ohun tí a béèrè, ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú káńsù, ìpínlẹ̀ àti àpapọ̀, ohun tí Ọnárébù ṣèlérí gan-an, ọjọ́ tó dá. “Màá wò ó” kì í ṣe ìlérí, ẹ má kọ ọ́ sí ìlà kẹta. “Màá kọ̀wé sí kọmíṣánnà fún ètò ìlera kí oṣù yìí tó parí” ni ìlérí. Bí ìpàdé bá parí, kí Ọnárébù fọwọ́ sí i, kí a ya ẹ̀dà rẹ̀ fún Baálẹ̀, Ìyálọ́jà, aṣojú ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ onílé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo a máa sọnù. Mẹ́rin kì í sọnù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká mú kànga-dẹ̀rọ kan ṣoṣo, ká tẹ̀lé e láti ẹnu ará ìlú dé inú ìsúná. Wọ́n béèrè rẹ̀ ní ìpàdé ní oṣù kejì. Bí Ọnárébù bá ní “yóò wọ ìsúná,” ẹ mọ̀ pé àsìkò kan wà fún un. Láàárín ọdún ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìsúná ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ wá. Bí iléeṣẹ́ omi kò bá kọ kànga yìí sínú tirẹ̀ nígbà náà, aṣòfin á wá máa bá wọn fà á nígbà tí ìwé bá dé ilé, owó tó bá sì máa fi sí i yóò jẹ́ owó tí a yọ lára nǹkan mìíràn. Gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìsúná wá síwájú ilé kí ọdún tuntun tó wọlé. Lẹ́yìn náà, àwọn iléeṣẹ́ á wá gbèjà tiwọn níwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Bí ilé kò bá tíì parí rẹ̀ nígbà tí ọdún bá yí, abala 122 gba gómìnà láyè láti máa ná owó fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, kí iṣẹ́ ìjọba má bàa dúró, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n ti ọdún tó kọjá lọ. Iṣẹ́ tuntun bíi kànga wa máa ń jìyà nínú irú ìdádúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìsúná bá jáde, ẹ wá ìlà náà fúnra yín. Láti àsìkò ètò SFTAS tí Báńkì Àgbáyé fi ṣe kóríyá fún àwọn ìpínlẹ̀ kí ìnáwó wọn lè hàn gbangba, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ni wọ́n ti ń gbé ìsúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ìròyìn ìnáwó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àjọ BudgIT, tó ń tọ́pinpin owó ìjọba, náà ń kó ti àwọn ìpínlẹ̀ jọ. Orúkọ àdúgbò lẹ ó fi wá a. Bí ìlà náà bá kàn ní “gbígbẹ́ kànga ní àwọn ibi tí a bá yàn,” kànga yín kò sí níbẹ̀. Ẹni tó lágbára jù nígbà tí owó bá dé ni yóò yan ibi tó bá wù ú. Ìlà tó dárúkọ wọ́ọ̀dù àti àdúgbò ni kí ẹ dù fún.

Ibi tí òótọ́ ti ń hàn sí wa kò sì sí nínú ìsúná, ó wà nínú ìròyìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Níbẹ̀, ìlà kan náà ní iye tí ilé fọwọ́ sí àti iye tí wọ́n ti ná. Owó tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe owó tí a tú sílẹ̀. Bí oṣù kẹsàn-án bá dé tí iye tí a ná ṣì jẹ́ òfo, kò sí agbaṣẹ́ṣe kankan tó ń bọ̀ lọ́nà, bó ti wù kí Ọnárébù sọ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó lo agbára abala 128, kí ìgbìmọ̀ rẹ̀ pe iléeṣẹ́ náà.

Bí wọ́n bá wá gbẹ́ ẹ, iṣẹ́ kò tíì tán. Ilẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti ọ̀pọ̀ ibi ní Oǹdó jókòó lórí àpáta. Inú ẹ̀là àpáta àti ilẹ̀ tó ti rà lókè rẹ̀ ni omi ń gbé. Bí wọn kò bá fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́, oríire ni wọ́n fi ń wá omi. Èyí tí wọ́n gbẹ́ láàárín òjò lè tú omi yàà lọ́jọ́ tí Ọnárébù gé tẹ́ẹ̀pù, kó sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ará ìlú béèrè ìwé tó sọ jíjìn rẹ̀, èsì ìdánwò tí wọ́n fi fa omi rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí táǹkì ṣe tóbi tó, iye ẹnu ẹ̀rọ, àti ohun tó ń fa omi, bóyá oòrùn ni tàbí jẹnẹrétọ̀. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò máa ra epo? Ìbéèrè yìí nìkan ti pa kànga púpọ̀. Ó wọ́pọ̀ nínú àdéhùn iṣẹ́ pé kí wọ́n dá ìdá 5 nínú 100 owó agbaṣẹ́ṣe dúró fún oṣù díẹ̀ títí wọn yóò fi rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àléébù. Bí ẹ bá fi lẹ́tà sọ fún iléeṣẹ́ omi pé omi kò yọ mọ́ kí àsìkò yẹn tó pé, agbaṣẹ́ṣe á padà wá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni.

Ó ní ìbò kan tí aṣòfin ìpínlẹ̀ ń dì tó tóbi ju gbogbo kànga lọ, tí ìròyìn kì í sì í dárúkọ. Abala 9 ní a kò lè ṣàtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2022, Àbújá fi àtúnṣe 44 ránṣẹ́ sí wọn. Èyí tó fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa ṣàkóso owó ara rẹ̀ kò rí 24 gbà. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu 16 nínú àwọn tó yege ní oṣù kẹta ọdún 2023. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Láàárín àkókò yẹn, mélòó nínú wa ló bi aṣòfin wa pé ibo ló dì sí? Àtúnṣe mìíràn yóò tún dé, bóyá lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí lórí owó ìbílẹ̀. Ẹ bi í kó tó dìbò, ẹ sì ní kó kọ èsì rẹ̀ sínú ìròyìn tó ń bọ̀.

Bí aṣòfin kò bá dáhùn, òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 wà. Iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fún un ní ẹ̀dà. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń ní òfin yìí kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo ìjọba. Lẹ́tà tó dára kì í béèrè “gbogbo ìwé nípa omi.” Ó ń béèrè nǹkan kan: ẹ̀dà àdéhùn kànga àdúgbò báyìí báyìí, iye tí ẹ ti san, ọjọ́ tí ẹ san án. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ti yín, nítorí ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀ yẹn ni kíka ọjọ́ méje ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a kúkú pè é padà sílé. Abala 110 fàyè gba a: kí àwọn tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn, kí àjọ elétò ìdìbò sì ṣe ìdìbò láàárín ọjọ́ 90. Kò rọrùn. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú irú rẹ̀ sí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Ìwọ̀-oòrùn Kogi ní ọdún 2018, àwọn tó jáde wá fìdí ìbuwọ́lù wọn múlẹ̀ kò ju 18,742 lọ nínú àwọn 351,146 tó forúkọ sílẹ̀. Agbára tí a fẹ́ fi kó ìbuwọ́lù jọ, ìdá kan nínú rẹ̀ tó láti fi kún gbọ̀ngàn ìpàdé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún.

Ìpàdé kejì kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Ọnárébù. Kí ẹni tó kọ ìwé ti àkọ́kọ́ dìde, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè pẹ̀lú ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, kó dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, kí Ọnárébù sọ pé “ó ti ṣe” tàbí “kò tíì ṣe,” kó sì sọ ìdí rẹ̀, kí akọ̀wé fi báírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.